Àìsàn Tí Wọ́n Ní Ó Ti Bá Ibi Wọlẹ̀

Ẹ̀yin ìyàwó wẹ́wẹ́ wọ̀nyí, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi. Ní àdúgbò wa ní Ìgbájọ, obìnrin kan wà tí à ń pè ní Ìyá Láyíwọlá. Aláàánú ni, kò sì mọ ọ̀lẹ. Àlébù kan ló ní: ó gbà pé òun mọ ohun gbogbo tán. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ fún un, á ti máa mi orí kí ẹ tó sọ ọ́ parí.

Ìbídùn ni ìyàwó ọmọ rẹ̀. Aránṣọ ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Kàdúná ni Láyíwọlá ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìyá rẹ̀ ló sì fi ilé lé lọ́wọ́. Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ Ìbídùn wọ oṣù kẹjọ, ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ bíi pé wọ́n ń là á. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà, pé bí wọn kò bá tètè gbé ọmọ jáde, gìrì lè mú un, kí ìyá àti ọmọ sì bá a lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọkùnrin kékeré kan ké, ìyá rẹ̀ náà sì lajú. Gbogbo wa dúpẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń padà sílé, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ ní kí wọ́n jókòó. Ó ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru yìí máa lọ sílẹ̀, àmọ́ ó ti fi àpá sílẹ̀ lára ìyàwó yín. Ẹni tó bá ní irú oyún yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa ń tètè wá a wá ju àwọn tó kù lọ. Ẹ jẹ́ kó máa wá, ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà ara rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dín ohun dídùn kù."

Ìyá Láyíwọlá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, ọmọ mi. A ti gbọ́." Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n délé, ó sọ ọ́ níta gbangba fún wa pé, "Àìsàn oyún ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi sin ibi ọmọ náà, àìsàn ti bá ibi wọlẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ yẹ̀ wò?" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ká má parọ́. Ìdajì òtítọ́ sì ni. Bí ọmọ àti ibi ṣe jáde ló jẹ́ kí ewu ọjọ́ yẹn rọlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ara Ìbídùn kò tíì bọ̀ sípò, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Áà, obìnrin yẹn tọ́jú èèyàn! Ògì gbígbóná tó kún fún ṣúgà láàárọ̀, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì lọ́sàn-án, iyán ńlá lálẹ́, kí omi ọyàn lè wá. Bí Ìbídùn bá fẹ́ dìde gbálẹ̀, á ní, "Jókòó jàre! Ṣé kí wọ́n lè sọ pé mo ń fi ọ́ ṣẹrú ni?" Ìbídùn sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Àwọn èèyàn á máa kí ìyá ọkọ: "Ìyá Láyíwọlá, ẹ kú ìtọ́jú o, ìyàwó ń dán!" Inú rẹ̀ á dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tó yá, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ Ìbídùn. Á mu omi, á tún mu. Ìtọ̀ kò jẹ́ kó sùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọyàn tí ọmọ ń mu ló ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ló bá tún fi mọ́ọ̀tì kún mọ́ọ̀tì. Èèrà ń tò wọ balùwẹ̀ wọn, wọ́n ń yí ibi tí Ìbídùn ń tọ̀ sí ká nítorí ṣúgà inú ìtọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe? Ó da kẹrosíìnì lé èèrà lórí! Orí tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Ìbídùn. Ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Màmá, ṣé kí n lọ rí nọ́ọ̀sì yẹn?"

"Ìwọ tí ara rẹ ń dán báyìí? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n bá ọ wá àìsàn ni?"

Ìbídùn tún jókòó. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kì í já ìyá ọkọ rẹ̀ níyàn. Ìgbọràn yẹn ṣì ń bí mi nínú di òní.

Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìbídùn jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kàn yọ̀ kúrò lórí aṣọ. Ẹnu rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣubú. Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tún ru, ṣúgà ti kún inú ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì ti pẹ́. Kò kú. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọmọdébìnrin yẹn! Ó dùn mí wọra.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ rìn. Ìbídùn jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ọwọ́ kan tó kù sí i. Ọmọ náà rìn tàgétàgé kọjá lára rẹ̀, ó lọ dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá àgbà, ó ní, "Màmá." Ìyá Láyíwọlá bú sẹ́kún. "Èmi kọ́, ọkọ mi, èmi kọ́. Ìyá rẹ nìyẹn." Ó gbé e lé Ìbídùn lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà figbe ta, ó tún rá padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìbídùn la ẹnu, kò lè pè é.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹni tó fẹ́ràn wa tí kò sì gbọ́ ìmọ̀ràn lè ṣe wá léṣe bí ọ̀tá. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru nínú oyún, ewu rẹ̀ kò tán lọ́jọ́ ìkómọ. Kó máa lọ ṣe àyẹ̀wò, ọmọ ì báà ti máa sáré. Ẹ má sì rí ẹni tó sanra kí ẹ sọ pé ara rẹ̀ le. Bí ìyá ọkọ yín bá ní kí ẹ má lọ, ẹ kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ dìde, kí ẹ sì máa lọ.