Ahọ́n Àyálò

Alásè ilé oúnjẹ kan yí ìhà àgùntàn padà lórí ẹyín iná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Láti ìgbà tí ibà ti dá a dùbúlẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ahọ́n rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iyọ̀ àti iyanrìn mọ́. Obìnrin tó ń fọ abọ́ nìkan ló mọ àṣírí yìí. Òun ló ń bá a tọ́ oúnjẹ wò.

Ọ̀gá ilé oúnjẹ wọlé.

"Màmá, àwọn oníbàárà ń ráhùn. Bí tòní bá tún bàjẹ́, ẹ gbé iná yìí lé afọbọ́ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ lọ sinmi nílé."

Bí ọ̀gá ti kẹ́yìn sí wọn, afọbọ́ bu ṣíbí kan nínú tòmátò àti kùkúńbà tí alásè fi ewé míǹtì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò.

"Àǹtí, kò níyọ̀ rárá! Ẹ fi ṣíbí méjì sí i. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n lé yín ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n pàdánù rẹ, àbúrò mi."

Kí ó tó ṣí ike iyọ̀, ọ̀gá ti padà dé, ó ti bu tòmátò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, ó sì ti ń jẹ ẹ́. Alásè di ojú.

"Háà, Màmá! Bó ṣe ń dùn tẹ́lẹ̀ nìyí! Kí ló dé tẹ́ ẹ ti ń da iyọ̀ bò ó látọjọ́ yìí?"

Alásè yíjú síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Àbúrò rẹ̀ ti nu ọwọ́, ó sì ti so épírọ́ọ̀nù funfun tuntun, irú ti alásè, mọ́dìí.