Ilé Lẹ́sẹ̀, Sàréè Ò Lẹ́sẹ̀

Bí òjò òru ti dá, ilé Àwẹ̀ró dìde bó ti ń ṣe láràárọ̀, ó rọra fẹsẹ̀ sún sẹ́yìn létí odò Ọ̀yán, ó sì tún lóṣòó. Ẹ̀kọ gbígbóná orí iná kò dànù rárá.

Kò sẹ́ni tó ya lẹ́nu. Láti ìgbà tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má dí odò lọ́nà mọ́, gbogbo ilé etí odò ló ń rìn. Sàréè ọkọ Àwẹ̀ró nìkan ni kò lè rìn, ibi tí odò ti tẹ̀ kọrọdọ, tó ń gé ilẹ̀ jẹ, ló sì wà.

“Ìyàwó, bá mi lọ wò ó,” ó sọ fún Ìbídùn, orogún rẹ̀. “Ojú mi ò gbà á.”

“Ìyálé mi, bàbá ò mà mọ̀wẹ̀ o.”

“Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, ṣáà lọ!”

Kò pẹ́ tí Ìbídùn fi figbe ta: “Ẹ máa bọ̀! Odò ti yà!”

Àwẹ̀ró sáré dé ibẹ̀, ọwọ́ láyà. Odò ti já ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín ibi tó ti ṣẹ́rí lọ àti ibi tó ti ṣẹ́rí bọ̀, ó gba ọ̀nà tààrà lọ. Ibi tó tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di adágún, ó dákẹ́ rọ́rọ́ nísàlẹ̀ sàréè.

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. Ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó dárin:

“Odò yà, odò ń lọ,
Olówó orí mi ò bómi lọ o!”

Ìbídùn jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ rọra kọ ọ́ o, ìyálé mi. Bàbá ò tíì fojú boorun látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀.”