Ìṣẹ́gun Mọ́kànlélógójì Tí Kò Jámọ́ Nǹkan fún Lyle Stuckenholt

Àìgbọràn ló ba ti Lyle Stuckenholt jẹ́. Ọkùnrin náà mọ béèsìbọ́ọ̀lù dunjú, kò sẹ́ni tó lè já a ní koro lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kì í wọ̀ ọ́ létí, ìṣẹ́gun tí kò la òógùn lọ ló sì fẹ́ràn jù.

Ọdún tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Prairie Fork, ní Nebraska, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó mú ìwé ètò ìdíje, ó sì fagi lé gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ńláńlá ìhà gúúsù tí wọ́n ti ń bá gbá láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn kéékèèké ló fi dípò wọn, àwọn tí òmíràn nínú wọn ò ní ju ọmọ mẹ́rìndínlógún lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni Prairie Fork ń nà wọ́n. Kí oṣù kẹrin tó parí, wọ́n ti borí nígbà mọ́kàndínlógójì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni wọ́n fìdí rẹmi. Kò síbi tí Stuckenholt yà sí nílùú náà tí wọn kì í ra bíà fún un.

Ajubọ́ọ̀lù mẹ́tàlá ló ní, àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ fi igi gbá a, ṣùgbọ́n méjì ló ń lò. Ọ̀kan ni Tanner Wiebe, ọmọ àgbẹ̀ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti máa ń kọjá kí ẹni tó di igi mú tó ṣẹ́jú. Ìkejì ni Briggs, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn mọ́kànlá yòókù jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń jẹ kóró sunfláwà, wọ́n ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá Gus Perrault, igbákejì rẹ̀ tó ń bójú tó àwọn ajubọ́ọ̀lù, tó sì fi ogún ọdún jù ú lọ, bá a sọ ọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí máa jù díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí à ń bá gbá yìí ò le. Lára wọn ló yẹ kí àwọn ọmọ wa ti kọ́ṣẹ́."

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa fi ìṣẹ́gun tọrẹ ni?"

"Tí ẹ bá pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì, kí ló ṣe? Oṣù karùn-ún ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin léraléra la máa gbá nínú ìdíje ẹkùn wa. Apá méjì ò lè gbé e."

Stuckenholt nawọ́ sí pátákó èsì. "Ẹ kà á fún mi, Bàbá. Tí ẹ bá kà á tán, kí ẹ jókòó."

Bàbá Gus jókòó. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́wọ́ òsì kan lórí bẹ́ńṣì, Nacho Luján, kò gba ìyẹn. Ó lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì.

"Kóòṣì, mo fẹ́ jù."

"Ògiri wà lẹ́yìn ilé. Lọ ju tìẹ síbẹ̀."

Luján bọ́ ẹ̀wù ẹgbẹ́ lọ́rùn, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ fi wọ ògiri yín, Kóòṣì. Ẹ ṣì máa wá mi."

Stuckenholt bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Oṣù karùn-ún dé, ìdíje ẹkùn wọn bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, Wiebe jù, wọ́n borí. Ọjọ́ kejì, Briggs jù, wọ́n borí, ìyẹn ló sọ ìṣẹ́gun wọn di mọ́kànlélógójì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò sẹ́lòmíràn tó fọkàn tán. Stuckenholt tún pe Wiebe.

"Tanner, ìwọ lo máa jù lónìí."

"Kóòṣì, ìgbọ̀nwọ́ mi ti wú."

"Ìwọ ọkùnrin báyìí? Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ńlá tó fẹ́ gbà ẹ́ ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn. Ṣé kí n sọ fún wọn pé o sá?"

Bàbá Gus dìde. "Ẹ má ṣe é, Ọ̀gá. Ọmọ ọlọ́mọ ni."

"Ẹgbẹ́ tèmi ni, Bàbá."

Wiebe jáde lọ. Kí wọ́n tó gbá a dé ìdajì, nǹkan dún pó nínú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó di apá mú. Stuckenholt yíjú sí bẹ́ńṣì. Ọmọ mẹ́wàá ń wò ó, kò sì sí èyí tó tíì ju ogún bọ́ọ̀lù nínú ìdíje lọ́dún náà. Èyí tó rán lọ kò lè ju bọ́ọ̀lù kan síbi tó yẹ. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ò sàn jù ú lọ. Mẹ́rìnlá sí mẹ́ta ni wọ́n fi nà wọ́n, ife ẹkùn sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Síbẹ̀, Stuckenholt ò mì. Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń yan àwọn tí kò gba ife ẹkùn wọn sí ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lórí ìyẹn. "Ta ló máa fi ẹgbẹ́ tó borí nígbà mọ́kànlélógójì sílẹ̀?" Ó ra kéèkì ńlá, ó pe àwọn ará ìlú sí gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn kọjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Wọ́n pe orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Prairie Fork ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n ní ìgbìmọ̀ ò wo iye ìgbà téèyàn borí nìkan, wọ́n wo irú àwọn téèyàn borí pẹ̀lú, àti pé kò sí ẹgbẹ́ tó yan alátakò tó rọ̀ tó ti Prairie Fork.

"Wọ́n rẹ́ wa jẹ!" Stuckenholt kígbe.

Wiebe dìde, ó fi aṣọ gbé apá kọ́rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni dókítà sọ fún un pé kò ní ju bọ́ọ̀lù mọ́ láyé.

"Kò sẹ́ni tó rẹ́ wa jẹ, Kóòṣì. Ta la bá gbá? Ẹ dárúkọ ẹgbẹ́ tó le, ẹyọ kan péré."

"Jókòó, Tanner."

"Mi ò jókòó. Ẹ ní kí Bàbá jókòó, wọ́n jókòó. Ẹ ní kí àwọn wọ̀nyí jókòó, àtoṣù kejì ni wọ́n ti wà níjòókòó. Èmi ò jókòó."

Ó jáde. Àwọn mẹ́wàá orí bẹ́ńṣì tẹ̀lé e, Briggs tẹ̀lé e, Bàbá Gus náà tẹ̀lé e. Àwọn ará ìlú wojú ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà wọn. Kéèkì náà ò rí ẹni gé e.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ti já ìwé gbélé-ẹ fún Stuckenholt. Ó kọ̀wé sí ibi mẹ́tàdínlógún, kò sí èyí tó gbà á, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ Wiebe ti ń dé ibẹ̀ kí òun tó dé. Páìpù omi oko ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àna rẹ̀ báyìí. Tí ẹnikẹ́ni bá ti mẹ́nu ba béèsìbọ́ọ̀lù, á gbé àgbọ̀n sókè, á ní òun ló jàre. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn mọ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí kò fara sin. Ẹ̀yin tí a fi ènìyàn sí ìkáwọ́ yín, ẹ má fi nínà tí ẹ ń na aláìlágbára díwọ̀n agbára yín, ẹ má sì lo ẹni méjì dójú ikú kí ẹ wá fi àwọn tó kù ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Ẹni tó bá ń sọ òótọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Àti ẹ̀yin tí wọ́n ní kí ẹ jókòó: bó bá jẹ́ pé ara yín ni wọ́n fẹ́ fi ra orúkọ fún ara wọn, ẹ dìde dúró, kí ẹ sì tètè dìde kí apá tó kán.