Ẹnjiníà Tó So Gbogbo Ìlú Mọ́ Ẹ̀rọ Kan Ṣoṣo

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin ará mi. Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

1. Ẹnjiníà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Alásopọ̀. Iná ojú pópó, ẹ̀rọ omi, ọkọ̀ ojú irin, ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, gbogbo wọn ló kó sábẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan. Bó bá jókòó síwájú rẹ̀, á máa wo ìlú bí ẹni wo àtẹ́lẹwọ́.

Igbákejì rẹ̀, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká ya ti ilé ìwòsàn sọ́tọ̀. Ká sì gbé kọ̀ǹpútà mìíràn síbòmíràn, tí yóò gbaṣẹ́ bí èyí bá dákú."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbẹ̀rù! Ohun tí mo fọwọ́ ara mi tò? Kò lè dákú láé."

2. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ya sí bàbá ẹnjiníà lọ́pọlọ. Ó sáré dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ń ti bàbá lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí iná ara ilẹ̀kùn kú. Wọ́n taari ilẹ̀kùn náà, kò mì.

Fóònù rẹ̀ dún. Igbákejì rẹ̀ ni. "Ọ̀gá, páìpù omi òkè àjà bẹ́ sórí kọ̀ǹpútà wa. Ó ti kú!"

"Ẹ gbé iṣẹ́ sórí èkejì kíá!"

"Ọ̀gá mi, èkejì wo?"

Ẹnjiníà wo ìta lójú fèrèsé. Ọkọ̀ ojú irin ti dúró sórí afárá, àwọn èrò inú rẹ̀ lẹ ọwọ́ mọ́ gíláàsì. Mọ́tò há mọ́ra ní gbogbo oríta. Ìlú tó ń hó yee dákẹ́ lọ kẹ́, bí ẹni tí wọ́n gba ohùn lọ́fun rẹ̀. Orí ẹnjiníà wú. Kò mọ̀ rí pé ohun tí òun kọ́ tóbi tó báyìí. Ìgbà tó wó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gíga rẹ̀.

Irin ni wọ́n fi já ilẹ̀kùn náà. Ó ti pẹ́ kí wọ́n tó rí i já.

3. Bàbá yè. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, arúgbó náà wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú àbẹ̀wò o. Ọmọ ta ni yín?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ohunkóhun tí ẹ̀mí èèyàn bá rọ̀ mọ́, ẹ bi ara yín léèrè: bí èyí bá kú, kí ló kù? Ẹni tó bá ń kìlọ̀ fún yín, ẹ má pè é ní ojo. Àwọn àgbà kò purọ́: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.