Orúkọ Ìyá Gbadé

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ilé Ìyá Gbadé jẹun tán, Ìwé Ìmọ̀, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ tó ń kọ ìtàn gbogbo ènìyàn sílẹ̀, kí wọn láti ara ògiri, bó ṣe máa ń kí gbogbo agbolé: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìtàn obìnrin wo ni mo fò, tí ẹ fẹ́ sọ fún mi lónìí?"

Inú Ìyá Gbadé dùn, torí òun ló kàn. Gbogbo ayé ló ń lo ìkòkò amọ̀ rẹ̀ tó ń mú abẹ́rẹ́ àjẹsára tutù láìsí iná, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ rẹ̀ ni Ìwé ti ń kọ sí i látijọ́. Abíkẹ́, ìyàwó Gbadé, jẹ́rìí pé ìṣojú òun ni ìyá ọkọ òun ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìkòkò náà.

"Mo gbà," ni Ìwé wí. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ìyá Gbadé ni."

"Ọmọ ló ń jẹ́ Gbadé. Ìyá ńkọ́?"

Abíkẹ́ wojú ọkọ rẹ̀. Ta ni yóò pe ìyá ọkọ lórúkọ? Gbadé alára, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, họrí. "Màámi lèmi mọ̀ wọ́n sí."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Má dá wọn lẹ́bi. Mopélọ́lá ni mí."

Lójú ẹsẹ̀, Ìwé kà á sí wọn létí: "Mopélọ́lá, amọ̀kòkò, ló kọ́kọ́ mọ ìkòkò abẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń bá a po amọ̀."

Ilé pàtẹ́wọ́. Ìyá dúpẹ́ títí, ó fi ìṣẹ́tí ìró nu ojú. Láti ìgbà tí ìyá tó bí i ti kú, kò sẹ́ni tó fi orúkọ yẹn pè é mọ́.

"Ìwé, jọ̀ọ́, tún un pè."

"Mopélọ́lá!"

"Mà!" ló dáhùn, ó sì fò dìde bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rán níṣẹ́.