Ẹni Kẹfà Tó Wá Wáṣẹ́

Ọ̀gá ilé ìránṣọ fọwọ́ lu tábìlì láìgbójú sókè. "Ẹni márùn-ún ti wọlé, kò sẹ́ni tó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nínú wọn! Ìwọ ẹni kẹfà, níbo lo ti ṣiṣẹ́ rí?"

"Ibí ni, mà."

"Kí ló ń jẹ́ ibí?"

"Ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mò ń lò láti ọdún méjì sẹ́yìn. Àárọ̀ yìí ni mo kà á lára ilẹ̀kùn pé ẹ̀ ń wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi."

Ojú ọ̀gá le koko. "Ṣé o yadi ni? O ò lè wá bá mi sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kanlẹ̀kùn. Ẹ ní ẹni tó bá wá wáṣẹ́ nìkan lẹ fẹ́ rí. Ni mo bá tò sórí ìlà."

Òṣìṣẹ́ náà bọ́ téèpù ìwọnṣọ ọrùn rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ pe ẹni keje, mà."