Ògiri Tó Ń Kọ́ Ọmọ

Ògiri, ẹ̀rọ olóhùn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ láti ara ògiri kíláàsì, ló ń kọ́ àwọn ọmọ Òkè-Ọsàn ní ìṣirò. Ẹni tó bá ní Ògiri ò mọṣẹ́ ń purọ́: kì í rẹ̀ ẹ́, kì í na ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun tí Ìyá Fadérera, tó ń du ipò nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, ń bẹ àwọn òbí fún ni pé kí wọ́n fi èèyàn kan ti Ògiri ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ní òwúrọ̀ tí àwọn olùdíje wá jókòó ti àwọn ọmọ, bí àṣà ìdìbò wọn, Ògiri parí ẹ̀kọ́, ó ní, "Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, mà!"

Alàgbà Adégbìtẹ́, tí wọ́n jọ ń du ipò náà, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Fadérera, ẹ gbọ́ o! Kí lèèyàn fẹ́ wá dúró ṣe níbí, àbí kó máa lé eṣinṣin?"

Ọmọbìnrin kan tó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ ni Ìyá Fadérera ń wò. Ó lóṣòó tì í. "Ọmọ mi, ṣé ó yé ọ lóòótọ́?"

Ọmọ náà fojú sílẹ̀. "Bàbá mi àgbà ní ọmọ tó bá sọ fún àgbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé òun, ó rí i fín ni."

"Ta ni bàbá rẹ àgbà?"

Ọmọ náà yọjú wo Alàgbà.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó fa àga, ó jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Mi ò ní bínú. Ibo ni kò ti yé ọ?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, sà."